Bí Mùdáṣírù Àlàó Ṣe Gba Wáí-fáì Ilé Rẹ̀ Padà Lọ́wọ́ Àdúgbò

Ẹni tó ń lọ kó dúró, ẹni tó dúró kó jókòó, ẹni tó ti jókòó kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kí akọni ráyè kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ Mùdáṣírù Àlàó kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹnu tí ẹ̀pà wà nínú rẹ̀ sọ. Àlàó ọkọ Àṣàkẹ́! Àlàó baba Mùínà! Ọmọ Ọ̀fà tòótọ́, ọmọ ìlú tí ìjàkadì ti jẹ́ orò, àgbà tó ga bí òpó wáyà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó wáyà, tó sì máa ń kùn bíi wáyà nígbà tí nǹkan bá ń dùn ún lọ́kàn.

Ẹ má ṣe rò pé òjijì ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ hù bí olú. Ọmọ-ọmọ Bùráímọ̀ ni, akọni tó wọ̀yá ìjà pẹ̀lú òbúkọ láàárín ọjà nítorí èèpo iṣu kan ṣoṣo, tí ìjà náà gba ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, tí gbogbo òǹwòran sì fẹnu kò pé ọ̀mì ni wọ́n ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òbúkọ ló gbé èèpo lọ. Ọmọ Sàlámì ni, baba tó gun òrùlé lọ dí ihò kan tí òjò ń gbà wọlé, tó dí i, tó dí i, títí ihò kan fi di mẹ́ta, tó wá sọ̀ kalẹ̀ tìyìtẹ̀yẹ, tó ní ó kéré tán, òjò ti mọ irú ẹni tí òun ń bá fà á.

Àlàó fúnra rẹ̀ fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ rélùwéè. Òun ló ń gbé àsíá sókè ní ibùdókọ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra. Bó bá gbé pupa, ẹgbẹ̀rún èèyàn á dúró pẹ̀lú adìẹ wọn àti àpò gàrí wọn. Bó bá gbé aláwọ̀ ewé, irin á ké, ilẹ̀ á mì tìtì, èéfín á bo ojú ọ̀run, wọn á sì lọ. Ẹni tó ti fi aṣọ pélébé dá irin tó wúwo bí òkè dúró, kí ló tún kù láyé tó lè dẹ́rù bà á?

Wáí-fáì ló kù.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, aago méjì ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Mùínà, ọmọ Àlàó obìnrin, ń gbé ní Winnipeg ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí òtútù ti ń mú títí tí omi imú fi ń di gíláàsì. Ọdún mọ́kànlá ni Mùínà fi wá ọmọ. Ọdún mọ́kànlá ni Àṣàkẹ́, ìyá rẹ̀, fi ń jí ní ìdájí ṣe àdúà, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó ń tọrọ, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Ọlọ́run gbọ́. Mùínà bí ọmọkùnrin, ọmọ náà sì pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyẹn àárọ̀ níbi tí wọ́n wà lọ́hùn-ún, wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ, kí àwọn ará ilé ní Ọ̀fà máa wò ó lórí fóònù. Àlùfáà ni yóò pe orúkọ, ṣùgbọ́n oríkì, Àṣàkẹ́ ni yóò fún un.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà ni obìnrin yìí ti ń kọ́ oríkì náà sórí. Ó kì í fún ọṣẹ, ó kì í fún ìgbálẹ̀, ó kì í fún ewúrẹ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Mùínà pè ní aago méjì náà kí wọ́n lè fi dán fídíò wò. Ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ẹ wò—" ó sì dì. Ó dì gbagidi. Ẹnu rẹ̀ là, ojú kan pa dé, ojú kejì là, bí ẹni tí wọ́n ya ní fọ́tò nígbà tó fẹ́ sín. Kẹ̀kẹ́ funfun kékeré kan wá jókòó sí àárín iwájú orí rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, ó sì kọ̀, kò dé ibi tó ń lọ.

Àṣàkẹ́ gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Bàbá Mùínà, bí mi ò bá rí ọmọ yìí lónìí, bí mi ò bá kì í kó gbóhùn mi, n ò ní sunkún o. N ò ní jà. Màá kàn dákẹ́ ni."

Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyàwó nílé, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa! Àlàó tí kò sá fún irin tó ń bọ̀, ara rẹ̀ bu máṣọ. Ó ti rí ìdákẹ́jẹ́ Àṣàkẹ́ rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ní ọdún tó gbàgbé rẹ̀ sí ibùdókọ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà sì gba ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, òun ti ń gbọ́ bí irùngbọ̀n òun ṣe ń hù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó kùn, "Hùùùn." Ó sì kọjú sí ọ̀tá.

Ẹ̀yìn fìríìsà ni ọ̀tá náà sùn sí: rúútà, àpótí dúdú pẹlẹbẹ tí iná kéékèèké ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún gbogbo ilé bí ìyálé ṣe ń pín ẹran, tó máa ń fún ẹni tó wù ú, tó sì máa ń fi omi ọbẹ̀ dá àwọn yòókù lóhùn. Àlàó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wò ó lójú. Ó rántí ayé rédíò onígi, tó jẹ́ pé ìgbátí kan ṣoṣo ni oògùn gbogbo àrùn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọwọ́ tó ti gbé àsíá fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ó sì gbá rúútà létí, wàì!

Iná kan tó jẹ́ àwọ̀ ewé di pupa.

Àṣàkẹ́ ní, "Ẹ ti pa á."

"N ò pa á. Mo kí i ni."

Rúútà kì í ṣe rédíò, Àlàó sì mọ̀ lọ́gán, nítorí ọlọ́gbọ́n kì í jagun lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tó ti ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Mùínà fi kọ́ ọ kó tó padà sí òkè òkun wá sí i lọ́kàn: "Bàámi, bó bá ti ń ṣe wọ́nranwọ̀nran, ẹ yọ ọ́ nídìí iná, ẹ ka ení títí dé ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ tó tún un kì bọ̀ ọ́." Àlàó yọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ ò bá rí i bó ṣe ń kà! Kò sáré, kò fo ọ̀kankan, kò ṣe ojúsàájú fún nọ́ńbà kankan; ó pe méje bí ẹni ń pe ọba, ó pe mẹ́rìnlá bí ẹni ń pe ìjòyè, nígbà tó sì dé ọgbọ̀n, òógùn ti bọ́ sí i lẹ́nu. Ó tún un kì bọ̀ ọ́. Iná ṣẹ́jú. Iná pupa kú, ti àwọ̀ ewé jí. Mùínà pè, iwájú orí rẹ̀ yọ, ó ní, "Bàámi, ẹ—" ó sì tún dì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ ni fóònù Àlàó dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó dùn bí oyin tí wọ́n fi oyin lá.

"Ẹ káàsán o, sà. Láti iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni. A rí i pé ó ń yọ yín lẹ́nu. Nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ ṣáà kà á fún mi, gbogbo ẹ̀ á yanjú kíákíá."

Tíín! Nọ́ńbà wọlé.

Àṣàkẹ́ pariwo, "Ọlọ́run tóbi! Ẹ kà á fún un! Ẹ kà á kíá!"

Àlàó la ẹnu. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dìde nínú rẹ̀, tó sì dì í lọ́rùn mú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń pín. Kí wọ́n má baà forí gbárí, irin ribiti kan wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ibùdókọ̀. Awakọ̀ tí kò bá ní irin náà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbéra. Láti ọjọ́ tí Àlàó ti dé ẹnu iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò gbé irin yìí lé ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá àgbà kan rán èèyàn wá gbà á lọ́jọ́ kan. Àlàó ní kí wọ́n lọ sọ fún ọ̀gá pé ẹsẹ̀ ọ̀gá ni kó gbé ọ̀gá wá.

Ó pa ẹnu dé. Ó tún un là.

"Ọmọ mi, kí lorúkọ mi?"

"Sà?"

"O ní iléeṣẹ́ mi lo ti ń pè. Orúkọ mi á wà níwájú rẹ. Kí ni mò ń jẹ́?"

Ohùn oyin náà kọsẹ̀. "Ẹ̀yin ni... kọ́sítọ́mà wa pàtàkì, sà."

"Kọ́sítọ́mà Pàtàkì! Ṣé bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀ ni àbí àlùfáà? Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé ara nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ò yá? Èmi ò ránṣẹ́ pe dókítà!"

Ọkùnrin náà pa fóònù. Àṣàkẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, inú ti ń bí i, ó fi ìka wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó lọ jókòó.

Ó ní, "Báńkì ló fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́, kì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní ká má fi han ẹnikẹ́ni." Lẹ́yìn náà ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "Ẹ ṣé o, Àlàó."

Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti pè é ní Àlàó lásán báyìí. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà nà ṣanṣan. Ẹni tó pa ẹkùn pa á, ẹni tó lé olè padà lójú ọ̀nà láìsọ̀kò, òun náà pa á! Ṣùgbọ́n aago ti di mẹ́ta, Mùínà sì dì síbẹ̀ síbẹ̀.

Akọni padà sẹ́yìn fìríìsà. Ní àsìkò yìí ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríran. Abọ́ irin ńlá kan wà lórí rúútà, wọ́n fi aṣọ bò ó, nǹkan funfun kan sì ń wú jáde lábẹ́ aṣọ náà bí ikùn olóyún.

"Àṣàkẹ́, kí lèyí?"

"Ìyẹ̀fun tí mo pò fún pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù tàwọn àlejò ni. Ara àpótí yẹn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń wú jù."

Àlàó kò bínú. Bí wọ́n bá da irin bo ẹnu èèyàn, tí wọ́n wá gbé e sí ẹ̀yìn fìríìsà, báwo ni ohùn rẹ̀ yóò ṣe jáde? Ó gbé abọ́ náà kúrò bí ẹni ń gbé ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó gbé rúútà jáde, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀, eruku náà fẹ́ ojú òun náà, ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gun àga, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, lókè téńté, níbi tí ohunkóhun kò ti dí i lójú. Igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí fóònù rẹ̀, tó jẹ́ ẹyọ kan tẹ́lẹ̀, di mẹ́ta. Àṣàkẹ́ pàtẹ́wọ́. Mùínà pè. Ní àkókò yìí, ó sọ odindi gbólóhùn kan: "Màámi, a ti ń wọṣọ fún ọmọ." Bó ṣe fẹ́ yí fóònù sí ọmọ náà báyìí, apá kan aṣọ funfun kan yọ, ó dì.

Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá. Àlàó yí rúútà náà dojú dé, ó sì rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó gbé ti Àṣàkẹ́ lé e, ó sì kà á. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ojú ọ̀nà ilé rúútà. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ìka tó gan bí igi oòyà, ilẹ̀kùn sì yọ, ó ń béèrè orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù ọ̀gá. Bébà náà ní "admin" ni méjèèjì. Àlàó mi orí. Èyí kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà ni.

Ó wọlé. Ó sì rí wọn.

Fóònù méjì péré ló wà nínú ilé náà, tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún! Wọ́n tò lọ rẹrẹ bí eèrà tó rí ṣúgà, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tí olówó rẹ̀ fún un. Kamọ́rù Télọ̀ wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n Kamọ́rù Télọ̀ wà níbẹ̀, ó ń mu dátà bí ẹṣin ṣe ń mu omi. Nọ́ọ̀sì Rábí wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, òun nìkan pẹ̀lú fóònù mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ Àdúgbò wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí kò sọ orúkọ rẹ̀ rárá, "Má Bínú" nìkan ló kọ síbẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún!" Àlàó ké, igbe náà sì mi gíláàsì fèrèsé. "Odindi ìlú ló ń jẹun nínú abọ́ mi!"

Àṣàkẹ́ dá a lóhùn láti ìdí iná, "Ta ló wá fún wọn ní páàsìwọ́ọ̀dù?"

Ìbéèrè náà dá Àlàó dúró. Ó wo ọ̀kánkán. Ó rọra rìn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Páálí ńlá kan wà lára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó kọjú sí títì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wà lórí ọ̀kadà lè kà á láì dẹ ìrìn: WÁÍ-FÁÌ ILÉ ÀLÀÓ. PÁÀSÌWỌ́Ọ̀DÙ: 12345678. Ẹ KÁÀBỌ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ní oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àlejò ń wá ṣínu, tó sì rẹ̀ ẹ́ láti máa pe nọ́ńbà náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ògiri tí kò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àlàó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó já páálí náà, ó kán an sí méjì, ó kán an sí mẹ́rin, ó sì kì í bọ inú ṣòkòtò rẹ̀, níbi tó ti ń gún un ní itan títí ogun náà fi parí.

Ó wọlé. Àṣàkẹ́ tún bi í, "Ta ló fún wọn?"

Ó ní, "Ayé ti bàjẹ́, Àṣàkẹ́. Ayé ti bàjẹ́."

Kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ojú ogun kì í ṣe ibi tí akọni ti ń jẹ́wọ́.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Àlàó jókòó sórí àga bí ẹni jókòó sórí ìtẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páàsìwọ́ọ̀dù tuntun lélẹ̀. Bó ṣe kan ti ọ̀gá, ó yí i padà. Bó ṣe kan ti wáí-fáì, ó ronú. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Rárá, gbogbo Ọ̀fà ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ńkọ́? Rárá, òun fúnra rẹ̀ gan-an ò mọ̀ ọ́n dájú. Ó wá ronú kan gbólóhùn kan tó gùn, tí ọ̀gá rẹ̀ kan báyìí sọ sí i ní ìkọ̀kọ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ó pa á pọ̀ láìfi àlàfo sí i, ó fi nọ́ńbà há a láàárín, ó sì fi àmì ìyanu tì í nídìí. Ẹ má bi mí pé kí ni gbólóhùn náà. Èmi ń ròyìn ni, èmi kì í ṣe ọ̀tá ẹni tí mò ń yìn.

Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi í pamọ́. Gbogbo iná ara rúútà kú pátá. Àṣàkẹ́ mú orí rẹ̀ dání. Ewúrẹ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, iná kan jí, ìkejì jí, ìkẹta tẹ̀lé e, gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ ewé bí oko àgbàdo ní oṣù kẹfà.

Igbe sọ ní àdúgbò. Ó kọ́kọ́ sọ ní ilé Kamọ́rù Télọ̀, níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù: "Yéèè! Ó kù díẹ̀ kó gbá a wọlé!" Ó dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó dé ilé Nọ́ọ̀sì Rábí. Ó rìn láti òrùlé dé òrùlé bí iná ọyẹ́, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn sì ń fi ké e: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ!" Ìṣẹ́jú méjì kò kọjá tí Kamọ́rù fi dé ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa?"

"Ti ta ni?"

"Wa, Bàbá."

Àlàó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú náà wúwo. Kamọ́rù kò lè gbé e. Ó sọ orí kọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Háà!" Àlàó na ìka sí i. "Ṣé ìwọ ni Má Bínú?"

"Rárá o, Bàbá! Mò ń bẹ̀ yín ni!"

Kò sí àyè fún ẹjọ́. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje. Àlàó sáré wọlé, ó gbé fóònù Àṣàkẹ́, ó rí i pé wáí-fáì ti ti ojú òun náà dé, ó ń béèrè páàsìwọ́ọ̀dù tuntun lọ́wọ́ ẹni tó dá a. Ó tẹ gbólóhùn náà. Fóònù ní irọ́ ni. Ó tún un tẹ̀. Irọ́ ni. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Irọ́ ni. Ẹ wá wo ọba tó kọ́ odi tó sì ti ara rẹ̀ mọ́ ìta! Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àṣàkẹ́ jókòó, gèlè tuntun lórí, ọwọ́ lórí orúnkún. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlàó gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó wo lẹ́tà àkọ́kọ́. Kékeré ni. Ó wá rántí! Nígbà tó ń fi páàsìwọ́ọ̀dù náà lélẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, fóònù náà fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá, bó ṣe máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, òun sì wò ó, ó ní ó wu òun bẹ́ẹ̀. Ó pa kékeré rẹ́. Ó fi ńlá sí i. Ó mí kanlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó wọlé.

Aago mẹ́rin lù. Mùínà yọ, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, tó fi jẹ́ pé wọ́n rí omi tó wà nínú rẹ̀. Yàrá kún fún èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. Àlùfáà pe orúkọ ọmọ, Abdul-Bákì, wọ́n ṣe àmín. Wọ́n wá gbé ọmọ náà wá síwájú fóònù, ó kéré, ó pupa, wọ́n dì í bí ẹ̀kọ nínú ewé. Àṣàkẹ́ sì gbóhùn sókè, ó ní:

"Àdìgún, ọmọ-ọmọ Àlàó,
Àdìgún òjò tó pẹ́ kó tó rọ̀,
tó rọ̀ tán tí gbogbo agbada kún.
Ọdún mọ́kànlá la fi ṣí ilẹ̀kùn dè ọ́, Àdìgún;
ìwọ kọ́ lo pẹ́,
àwa la tètè jí."

Ọmọ náà kò mira. Kò ṣẹ́jú. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó dúró gbagidi. Àlàó, tó dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń ṣọ́ rúútà bí ìlàrí, tí kò sì rí nǹkan kan láti ibẹ̀ ju gèlè ìyàwó rẹ̀ àti etí ọmọ kan ṣoṣo lọ, ọkàn rẹ̀ já. Ó ti dì! Ó tún ti dì! Ó na ọwọ́ sí okùn iná, ó ti kẹ́nu bọ ení, èjì...

Ọmọ náà yán. Ó yán bí arúgbó, títí gbogbo èrìgì rẹ̀ fi hàn, ó sì ju ẹsẹ̀ kan jáde nínú aṣọ.

Pálọ̀ méjèèjì, ti Ọ̀fà àti ti Winnipeg, bú sẹ́rìn-ín pọ̀. Mùínà ní, "Bàámi dà?" Àṣàkẹ́ yí fóònù sí i. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti borí fèrè ọkọ̀ ojú irin, tó ti fi ẹnu lé olè, sún mọ́ fóònù náà. Ó ní, "Àdìgún." Ó tún ní, "Àdìgún." Ó yí ojú sí ara ògiri, ó ní eruku rúútà náà ṣì wà lójú òun.

Nígbà tí wọ́n parí, tí Àṣàkẹ́ ń kọrin ní ìdí iná, àdúgbò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀: Kamọ́rù Télọ̀, Nọ́ọ̀sì Rábí, onígbàjámọ̀ pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ tó fá orí rẹ̀ dé ìdajì. Àlàó jáde sí wọn. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn tó ga jù, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n sì dákẹ́. Ó wá kéde, ohùn rẹ̀ sì dé ojú irin:

"Ẹ gbọ́, ẹ tún gbọ́! Èmi Mùdáṣírù Àlàó, baba Mùínà, baba àgbà Àdìgún láti ìrọ̀lẹ́ òní, mo fi í lélẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, kó wá, kó kan ilẹ̀kùn, kó kí ilé. Èmi fúnra mi ni màá fi ọwọ́ mi tẹ páàsìwọ́ọ̀dù sínú fóònù rẹ̀, kó sì kọjú sí títì nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sí pápá. Ẹni tí àjèjì bá pè pé kó ka nọ́ńbà, kó pa fóònù, kó fọ ọwọ́. Ẹni tó bá sì tún gbé ohunkóhun lé rúútà lórí ní gbogbo Ọ̀fà, ìbáà jẹ́ abọ́, ìbáà jẹ́ ife, ìbáà jẹ́ ìyàwó mi, kó mọ̀ pé èmi lòun ń wá níjà! Mo ti sọ ọ́. Kò sí àtúnsọ. Ọ̀nà ti là, ọkọ̀ lè máa lọ!"